Píléyà Méje àti ‘A’ Kan

Ẹnu ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí mú ju abẹ lọ. Bàbá Àmì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ẹ má sì rò pé ìfẹ́ ló mú kí wọ́n fún un lórúkọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi jókòó sí yàrá kékeré kan nílé ìtẹ̀wé, tó ń ka ìwé oníwèé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, tó ń fi bíírò pupa wá àṣìṣe inú rẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá á máa dún gbì-gbì-gbì lẹ́yìn ògiri, òun á máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Bí òǹkọ̀wé kan bá gbàgbé àmì ohùn, Bàbá Àmì á kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pé, "Ṣé inú igbó ni wọ́n ti kọ́ ẹ níwèé ni?" Á wá fún ìwé náà ní máàkì nínú mẹ́wàá. Ẹnikẹ́ni ò gba mẹ́wàá rí lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé kan sunkún níwájú tábìlì rẹ̀, ó sì máa ń fi ìyẹn dá àlejò lára yá.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì tí kò rí ìwé kà mọ́, àwa èèyàn ló wá kù tó ń kà. Obìnrin kan wà níkangun òpópónà wa tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà. Bàbá Àmì wo pátákó rẹ̀, ó rí i pé kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Ọ̀sán gangan ló gbé ọ̀dà pupa lọ, tó fi àmì sí gbogbo rẹ̀ lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin náà, tó sì kọ "mẹ́ta nínú mẹ́wàá" sísàlẹ̀. Obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ lérán. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, méjì nínú wọn ò sì padà wá lọ́jọ́ kejì.

Bó ṣe ń ṣe níta náà ló ń ṣe nílé. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń pe orúkọ àwọn aláìsàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn kí òun náà tó fẹ̀yìn tì. Ohùn rẹ̀ ki, ó sì le, bó bá pe orúkọ níbí, ẹni tó wà ní géètì á dáhùn. Bóyá ìdí nìyẹn tí ilé wọn fi rọgbọ fún ọkùnrin náà, torí ìyàwó nìkan ni èèyàn tó kù láyé tó ń "la ẹnu" bó bá ń sọ̀rọ̀. Àwọn yòókù, lójú tirẹ̀, ń kùn ni. Láàárín ọdún mẹ́ta, ó ti gbé rédíò méjì jù síta, ó ní àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú wọn ò jẹun kánú.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin. Ohùn ọmọ náà tín-ín-rín láti kékeré, bàbá rẹ̀ á sì máa pè é ní Ohùn Ẹ̀fọn níwájú àlejò. Bàbá fẹ́ kó ṣe olùkọ́. Ọmọ dé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ó lo ọdún kan, ó fi í sílẹ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ bàtà ṣíṣe lọ́dọ̀ ọkùnrin kan, ó sì fẹ́ ọkùnrin náà. Ẹ̀rù bà á láti wá sílé wá sọ ọ́, ló bá kọ lẹ́tà. Ojú ìwé méjì gbáko ló fi bẹ bàbá rẹ̀. Kò fi àmì kankan sí i, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń kọ̀wé. Níbi tó parí rẹ̀ sí, ó kọ ọ́ báyìí: "Baba mi, e ma binu si mi."

Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe? Ó mú bíírò pupa. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́, ó fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó dé ìparí, ó fi òbírí yí "e ma binu" ká, ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ má bínú, àbí ẹ máa bínú? ‘A’ kan àbí ‘a’ méjì? Ìwọ lo fẹ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé! Bó bá jẹ́ ‘a’ méjì ni, mo ti gbọ́, n ó máa bínú lọ. Mẹ́rin nínú mẹ́wàá." Ó ká a sínú àpòòwé, ó kọ àdírẹ́sì ọmọ sí i, ó sì ní kí ìyàwó òun lọ fi í ránṣẹ́. Ìyàwó kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí èyí débẹ̀. Ẹ fi Ọlọ́run bò ó." Ó ní, "Dìde, kí ilé ìfìwéránṣẹ́ má tì." Ìyàwó dìde, ó sì lọ. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ju lẹ́tà náà sínú àpótí.

Ọdún mẹ́fà kọjá, ọmọ ò kọ̀wé, ọmọ ò yọjú. Bàbá ò sì gbà kí ìyá lọ. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ lọ wo alárànpọ̀ bàtà kó má padà sílé òun.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ọlọ́kadà mú àpòòwé kan wá. Fíláàṣì kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú bébà pélébé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára. Bàbá Àmì mọ ọwọ́ ìkọ̀wé náà kó tó kà á. Ohun tó wà lára bébà ni: "E ma wa ni Satide ose to n bo."

Ó jókòó. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí èèyàn bá ní kí òun tẹ̀ lé bó ṣe wà lójú bébà, ‘a’ kan ló kọ, a jẹ́ pé "ẹ má wá" ni. Ọmọ ń kìlọ̀ fún un ni pé kó má tẹ ẹnu ọ̀nà òun. Àmọ́ láti kékeré ni ọmọ yìí ti ń kọ "máa" bíi "ma", kò kọ ‘a’ méjì rí láyé rẹ̀. Bó bá jẹ́ "ẹ máa wá" ni, ọmọ ń pè é nìyẹn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ọmọ ń pè é! Kó má baà di pé mo parọ́ mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ó fẹ́ kó jẹ́ ‘a’ méjì. Ohun tó bá wà nínú fíláàṣì ló máa là á yé e, ìyẹn ló ṣe sáré lọ sídìí kọ̀ǹpútà.

Kọ̀ǹpútà yẹn, àlòkù ilé ìtẹ̀wé ni, ó wà lórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé yàrá àlejò, sípíkà kéékèèké méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ki fíláàṣì bọ̀ ọ́. Fídíò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, píléyà, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń gbé fídíò jáde, ṣí, ọmọ rẹ̀ sì yọ. Ó ti sanra díẹ̀. Orí páálí ńlá kan ló jókòó sí, àwọn páálí míì tò sẹ́yìn rẹ̀, ọmọdébìnrin kan sì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gbé iwájú orí Bàbá Àmì gẹ́lẹ́ sórí. Ọmọ ọmọ rẹ̀ nìyẹn, tí kò mọ̀ pé òun ní! Ẹnu ọmọ rẹ̀ ń lọ, ó ń là, ó ń pa dé. Kò sí ohùn.

Ó yí ohùn sókè títí ó fi dé òpin. Kò sí ohùn. Ó yọ wáyà sípíkà, ó nù ún, ó tún un kì bọ̀ ọ́. Ariwo kùn-ùn kan wà lábẹ́lẹ̀ tó rò pé fáànù inú kọ̀ǹpútà ni. Bó ṣe yíjú báyìí, ìyàwó rẹ̀ ló rí lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọṣẹ wà lọ́wọ́ obìnrin náà dé ìgbọ̀nwọ́, ẹyin ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ síta.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n wọlé," ni ìyàwó wí.

"Kí o wọlé kí o wá ṣe kí ni? Píléyà ló bàjẹ́. Ṣé ìwọ lo fẹ́ tún un ṣe?"

"Ọmọ mi ni—"

"Ọmọ wa ni, mi ò fọ́jú. Nígbà tí mo bá rí ohùn rẹ̀, n ó pè ẹ́. Ìwọ tí o ò mọ ìyàtọ̀ ‘a’ kan sí ‘a’ méjì, kí lo fẹ́ gbọ́ níbẹ̀? Jáde, jọ̀ọ́."

Ìyàwó ò jáde lójú ẹsẹ̀. Ó dúró, ó ń wo ọkọ rẹ̀, ó ń wo sípíkà, ó tún wo ọkọ rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi nǹkan hàn. Bàbá Àmì dìde, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Àṣà ọkùnrin yìí ni pé bí nǹkan bá bàjẹ́, á fọgbọ́n wá ẹni tó jẹ̀bi. Fídíò míì wà nínú kọ̀ǹpútà náà, èyí tí wọ́n yà lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ó tẹ ìyẹn. Gbì-gbì-gbì! Ó gbọ́ ọ ketekete. Ó fọwọ́ lu tábìlì. "Ẹ ò rí i báyìí? Kọ̀ǹpútà ń dún. Sípíkà ń dún. Píléyà ló gbé ohùn ọmọ mi mì!" Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Bí èmi náà bá wà nípò rẹ̀, bóyá bẹ́ẹ̀ ni n bá ṣe rò ó.

Bó ṣe dẹni tó ń wá píléyà kiri nìyẹn, tó ń wa ọ̀kan jáde láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó ń yọ òmíràn dànù. Ó ṣí ìwé kékeré kan, ó sì ń fún wọn ní máàkì. Èyí tó bá kọ̀ǹpútà wá ní àfi kí wọ́n sọ òun di tuntun, ó sì fi odindi òwúrọ̀ kan sọ ara rẹ̀ di tuntun, kò sí ohùn síbẹ̀. Méjì nínú mẹ́wàá. Èyí tó ní àwòrán ológbò lójú rọrùn láti lò, bọ́tìnnì rẹ̀ tóbi, ó gba mẹ́rin. Ẹ̀kẹta, tó pè ní Olójú Kan, kì í ṣí láìjẹ́ pé obìnrin kan kọ́kọ́ yọ tó ń polówó ìgbànú tó ń fa ikùn wọlé. Bàbá Àmì bú obìnrin náà bí ẹni pé ó wà nínú yàrá. Ẹ̀kẹrin lọ́ra bí ìgbín. Ẹ̀karùn-ún ń béèrè ọjọ́ ìbí rẹ̀. "Ṣé ìwọ lo fẹ́ fi mí jẹ oyè ni?" Òdo. Ẹ̀kẹfà da ọmọ rẹ̀ dorí kodò, páálí lókè, orí nísàlẹ̀, ó sì gba wákàtí mẹ́ta kó tó rí bọ́tìnnì tó fi dá a padà.

Nígbà tí píléyà kan bá ṣì ń wọlé sórí kọ̀ǹpútà, á jókòó, á máa wo ẹnu ọmọ rẹ̀. Ó fẹ́ fi ojú gbọ́ ọ. Ó tilẹ̀ gbé dígí ìfárùngbọ̀n wá, ó sọ "má wá" sí i, ó sọ "máa wá" sí i, ó ń wo ètè ara rẹ̀. Ìkan náà ni. Ní Ọjọ́ Ajé, ó gbé kóòtù rẹ̀ jáde, ó gbọ̀n ọ́n, ó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó dá a padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní òun kì í ṣe ẹni tí ọmọ máa tì síta lójú àlejò. Ní Ọjọ́rú, ó tún gbé e jáde.

Ìyàwó ò tún bẹ̀ ẹ́ pé òun fẹ́ wọlé mọ́. Bó bá ń tẹ fídíò náà, obìnrin náà á gbé àga kékeré kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn, á jókòó, á máa ṣẹ́ aṣọ. Bàbá Àmì ṣílẹ̀kùn lójijì lọ́jọ́ kan, ó bá a níbẹ̀ tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀ tó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó bi í pé kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín, ó ní òun rántí nǹkan ni.

Píléyà keje ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Ní ti èyí, ó fọ́nnu pé òun lè kọ ohun tí èèyàn bá ń sọ sísàlẹ̀ àwòrán. Ó tẹ̀ ẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Píléyà yẹn ò gbọ́ èdè wa rárá, ìdọ̀tí lásán ló ń kọ, ọ̀rọ̀ òyìnbó tí kò lórí tí kò nídìí. Àmọ́ láàárín ìdọ̀tí náà, ó kọ "ema wa". Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ó tún kọ ọ́: "ema wa".

Bàbá Àmì fò sókè. Ohùn wà níbẹ̀! Píléyà ti gbọ́ ọ, kò kàn lè pọ̀ ọ́ jáde ni! Ó tún wo ọ̀rọ̀ náà, inú sì bí i débi pé ó fẹ́ gbá a létí. "Ìwọ náà? Ìwọ náà ò lè fi àmì sí i?" Òdo nínú mẹ́wàá. Ó wọ bàtà, ó lọ bá obìnrin olùkọ́ kọ̀ǹpútà.

Ẹ wo ojú! Abẹ́ pátákó yẹn náà ló dúró sí, àmì pupa ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. Kò ní "ẹ jọ̀ọ́", kò ní "ẹ má bínú". Ó ní, "Wá bá mi wo píléyà kan. Ọ̀la ni mo fẹ́ lò ó." Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀. Ọmọlúàbí ni, ó gbé báàgì rẹ̀, ó tẹ̀ lé e.

Obìnrin náà jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó tẹ fídíò. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àga, ó di etí méjèèjì, ó sáré yí ohùn wálẹ̀. Ìyàwó ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin tí etí yín dá, ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ náà ti ń sọ nínú ilé yẹn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko:

"Bàbá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Màámi, ẹ kú ìfaradà. Ọmọ mi rè é. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ó sì máa ń bi mí pé ta ló ni iwájú orí tí òun gbé kiri yìí. Ọkọ mi ti ríṣẹ́ sí ọ̀nà tó jìn gan-an. Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa lọ, aago méjìlá ọ̀sán, mi ò sì rò pé a tún máa padà wá gbé ibí mọ́. Bàbá, mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti fi àmì sí ohun tí mo kọ yẹn ni. Mi ò fẹ́ kí ẹ kà á. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ẹ máa wá. ‘A’ méjì ni, Bàbá, ẹ má fi pupa sí i o. Mi ò bínú mọ́. Màámi, ẹ bá mi mú wọn wá. Ẹ máa wá."

Ojú obìnrin olùkọ́ ti pọ́n. Ó ní, "Bàbá, kí lẹ ní ó ṣe é?"

"Ha, kì í sọ̀rọ̀ ni! Ṣé o ò rí i ni?"

Obìnrin náà wo ìyàwó. Ìyàwó ń wo ilẹ̀. Olùkọ́ wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ẹnu sún mọ́ etí ọkùnrin náà, ó kígbe pé, "Bàbá, ó ń sọ̀rọ̀! Kò sí nǹkan tó ṣe píléyà yín. Etí yín ni! Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, etí yín ò gbé irú ẹ̀ mọ́. Ohun tó ń sọ ni pé—"

"Etí ta ni?" Bàbá Àmì ti dìde. "Etí mi? Etí tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n mọ ìyàtọ̀ dò sí mí? Ìwọ tí o ò lè kọ orúkọ iṣẹ́ ara rẹ sára pátákó, ìwọ lo wá ń yẹ etí mi wò? O ò mọ ohun tó ṣe píléyà, o fẹ́ fi adití lé mi lórí. Jáde nílé mi!"

Obìnrin náà pa ẹnu dé lórí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ. Ó gbé báàgì rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó yíjú padà, ó sì sọ ọ́ sókè dáadáa kó lè gbọ́: "Ẹ má bínú, Bàbá. Mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni mí, mo gbàgbé." Ó kí ìyàwó, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bàbá Àmì jókòó. Fídíò ṣì ń lọ, ẹnu ọmọ rẹ̀ ń là, ó ń pa dé. Ó fi ọwọ́ kan sípíkà, ó gbé ọwọ́ lé e. Sípíkà ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kò yọwọ́ níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó rántí rédíò méjèèjì.

"Ṣé lóòótọ́ ni?" ló bi ìyàwó rẹ̀, láì wo ojú rẹ̀.

Ìyàwó wọlé. Ó wá dúró sí ọwọ́ òsì rẹ̀ níbi tó máa ń dúró sí tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, nílé ara rẹ̀, láti ọdún mélòó kan wá. "Òótọ́ ni."

"Láti ìgbà wo ló ti ń sọ̀rọ̀?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́."

"Ìwọ ń gbọ́ ọ?"

"Gbogbo ìgbà. Mo ti mọ̀ ọ́n sórí."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ ní kí n jáde," ni ìyàwó wí.

Bàbá Àmì mú fíláàṣì, ó yọ ọ́, ó gbé bébà ara rẹ̀ síwájú obìnrin náà. Ó ti di arúgbó lójijì, ẹnu tó mú yẹn ti wá ń gbọ̀n. Ó ní, "Jọ̀ọ́." Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, mi ò mọ̀ bóyá obìnrin náà gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ ju ìgbà méjì lọ. "Jọ̀ọ́, ìyá ọmọ mi. Ibi tó ti sọ ọ́ yẹn. ‘A’ kan ni, àbí ‘a’ méjì?"

Mi ò lè sọ ohun tó ń lọ lọ́kàn obìnrin náà. Bóyá àpótí ilé ìfìwéránṣẹ́ ni. Bóyá ọdún mẹ́fà ni. Ojú rẹ̀ nìkan ni Bàbá Àmì rí, ojú náà ò sì yí padà.

"Tún un tẹ̀, kí n fi etí sí i dáadáa," ni obìnrin náà wí. Kò pè é ní "ẹ" lọ́tẹ̀ yìí, ọkùnrin náà ò sì fura.

Ó ki fíláàṣì padà, ó tẹ̀ ẹ́. Ìyàwó tẹ̀ síwájú, ó gbé etí sún mọ́ sípíkà. Ọmọ sọ̀rọ̀ dé ibẹ̀. "Ẹ máa wá. ‘A’ méjì ni, Bàbá." Ọkọ ń wo ìyàwó bí ẹni tó ń dúró de adájọ́.

"Ọ̀kan ni," ni ìyàwó wí.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ọ̀kan ni."

Ọkùnrin náà mi orí. Ó dùn ún, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò dùn ún. Ó dùn ún débi pé ó di etí tábìlì mú. "Ṣé kò sọ nǹkan míì fún mi?"

"Ó ní kí ẹ tọ́jú ara yín. Èmi ni ó ní kí n wá."

"Ó ti tọ́," ni Bàbá Àmì wí. "Bí mo bá lọ, n ó dà bí ẹni tí ojú kì í tì." Ó dìde, ó lọ gbé kóòtù rẹ̀ kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ní àárọ̀ Sátidé, ìyàwó wọ aṣọ tó dára jù nínú aṣọ rẹ̀, ó di báàgì kékeré kan, ó di ńlá kan mọ́ ọn. Bàbá Àmì bá a gbé ńlá dé ẹnu géètì. Ó wúwo ju báàgì ẹni tó ń lọ kí ọmọ lọ, kò sì béèrè. Ó ní kó bá òun wo ọmọdébìnrin yẹn dáadáa, iwájú orí rẹ̀. Ìyàwó ní òun á wò ó. Ó wọ takisí, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Ọkùnrin náà wọlé, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó tẹ fídíò pẹ̀lú píléyà keje. Kò sí ẹni tó ń dí lọ́wọ́ mọ́, ló bá yí ohùn sókè dópin. Aago mẹ́wàá ti lù. Ọmọ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ń gba ojú fèrèsé jáde sí òpópónà, obìnrin olùkọ́ kọ̀ǹpútà ń gbọ́ ọ níbi tó ti ń ṣí ilẹ̀kùn. Bàbá Àmì mú bébà pélébé náà, ó mú bíírò pupa. Ó fi àmì sórí ‘a’ tó wà nínú ‘ma’ náà, ọ̀kan péré, ó rọra fà á kó lè tọ́. Ó wò ó dáadáa. Ọmọ náà ò ṣe àṣìṣe kankan, ó kọ ọ́ bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ bébà náà pé "mẹ́wàá nínú mẹ́wàá", ó gbé e síwájú kọ̀ǹpútà níbi tí ọmọ rẹ̀ ti lè rí i, ó sì tún fídíò náà tẹ̀.